Ìdajì owó ìwòsàn ọmọ lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ (Texas): ìdajì iye wo gan-an?

Ìyá_Ìbejì_Katy: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìdájọ́ kóòtù sọ pé kí bàbá àti ìyá pín owó ìtọ́jú tí ìnṣọ́ránsì ò bá san ní ọgbọọgba. Ìnṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ bàbá làwọn ọmọ wà lórí rẹ̀, àmọ́ ìyá ló ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bíìlì $1,480 dé. Bàbá ní òun ò ní san ìdajì iye yẹn. Ta ló jàre? Wáyà eyín (braces, tí wọ́n fi ń tún eyín ọmọ tò) sì tún ń bọ̀ lọ́nà.

Akọ̀wé_Bíìlì: Bàbá ló jàre. Iye tí ilé ìwòsàn kọ sójú bíìlì kọ́ ni gbèsè yín. Ẹ dúró de EOB, ìwé tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fi ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n san. Ká ní ó rí báyìí: $1,480 ni wọ́n bèèrè, ẹ̀dínwó inú àdéhùn ìnṣọ́ránsì àti ilé ìwòsàn yọ $620, ó ku $860. Ìnṣọ́ránsì san $510. Ìlà tí wọ́n kọ "patient responsibility" (ohun tó kù kí ẹ̀yin san) sí wá jẹ́ $350. Òun lẹ máa pín, $175 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ìyá bá ti san ju $350 lọ ní káńtà, ilé ìwòsàn ni kó lọ gba àṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn.

Dókítà tí kò sí nínú network (àwọn tó bá ìnṣọ́ránsì yín ṣàdéhùn) ò ní ẹ̀dínwó yẹn o. Ẹ ka ìwé ìdájọ́ yín dáadáa, torí àwọn kan ń di irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ ru ẹni tó gbé ọmọ lọ.

Alágbàwí_Alief: Ọgbọ̀n ọjọ́! Ìwé ìdájọ́ tí wọ́n sábà ń lò ní Texas pàṣẹ pé kí ẹni tó náwó fi bíìlì, rìsíìtì àti EOB ránṣẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹnì kejì náà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti san. Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀: wọ́n á kó rìsíìtì sínú làílọ́ọ̀nù títí di December, wọ́n á wá kọ ọ́ sórí WhatsApp pé "o jẹ mí ní $900". $900 ti kí ni?

Ìnáwó kan, ímeèlì kan: "Táíwò, 14 March, dókítà etí, $350, ìdajì $175, EOB àti rìsíìtì wà nísàlẹ̀." Bó bá di ẹjọ́, kóòtù máa fẹ́ mọ ọjọ́ àti iye ìnáwó kọ̀ọ̀kan, ímeèlì yẹn ló sì máa dáhùn.

Ilé ìwòsàn ò mọ ìwé ìdájọ́ yín rí. Ẹni tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ní káńtà ni wọ́n máa lé fún gbogbo owó. Bàbá náà ò gbọdọ̀ yọ ohun tó san fún dókítà kúrò nínú child support, owó tí kóòtù ní kó máa san fún gbígbọ́ bùkátà ọmọ. Gbèsè ni yóò hàn sí lórí àkọsílẹ̀ ìjọba.

Eléyín_Ṣúgà: Ti wáyà eyín, kí wọ́n tó so ó lẹ ti gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Bí àdéhùn bá jẹ́ $5,400 tí ìnṣọ́ránsì sì ní $1,500 péré lòun máa san láyé ọmọ náà, $3,900 ló kù, $1,950 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni $1,500 yẹn máa ń wọlé. Bí bàbá bá fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín, ìyókù lè má wá mọ́. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè ṣí àkáǹtì méjì, kí oníkálùkù máa san tirẹ̀ lóṣooṣù. Ìjà á dín kù gan-an.

Àwọn méjèèjì lè fi HSA (àkáǹtì owó ìtọ́jú tí wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀) san ìdajì tiwọn, torí IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, ka ọmọ mọ́ àwọn òbí méjèèjì lórí owó ìtọ́jú. Àmọ́ bí ìyá bá yọ $350 níbẹ̀, tó tún gba $175 lọ́wọ́ bàbá, ó ti gba $175 lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Katy: Ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ bàbá ni EOB ń lọ bá, kò sì fi ránṣẹ́.

Alágbàwí_Alief: Kí ìyá pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ìnṣọ́ránsì, kó ní ìwé ìdájọ́ lọ́wọ́. Òfin Texas ní kí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fún òbí tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìsọfúnni tó máa fi rí ìtọ́jú náà gbà, kí òbí náà sì lè fi bíìlì ránṣẹ́ sí wọn fúnra rẹ̀ láìgbàṣẹ bàbá. Kó kọ orúkọ ẹni tó gbé fóònù sílẹ̀, àti ọjọ́ náà.