Ìtẹ̀lẹ́yìn ni, kì í ṣe ìfàsẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ọ̀fà dábàá ọ̀rọ̀ méjì fún alùpùpù tí wọ́n so ọkọ̀ kékeré mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́: "ọkọ̀ ìhà" fún ọkọ̀ kékeré náà, àti "ìfàsẹ́yìn" fún ohun tí òyìnbó ń pè ní trail. Mo gba ọkọ̀ ìhà, kò sí ìjà níbẹ̀. Ìfàsẹ́yìn ni n kò lè gbé mì.

Ẹ bá mi fojú inú fa ìlà kan gba àárín ọrùn hándù, kó dagun lọ kan ilẹ̀. Iwájú ibi tí táyà ti tẹ ilẹ̀ ni ìlà náà yóò kàn. Àlàfo àárín méjèèjì là ń wá orúkọ fún. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù, ó tó bíi mìlímítà 100. Òun ló ń jẹ́ kí táyà tọ ọ̀nà tààrà, bí àgbò Iléyá tí wọ́n fokùn fà bọ̀ láti ọjà Ìpàta: ibi tí okùn bá kọjú sí, ẹran ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. (Bí kò bá ṣe olóríkunkun àgbò, ṣá o.)

Táyà ń tẹ̀ lé ìlà yẹn lẹ́yìn, ìtẹ̀lẹ́yìn nìyẹn. Ìfàsẹ́yìn ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu wa. Bí mo bá ní kí mẹkáníìkì Gáà-Àkànbí bá mi dín ìfàsẹ́yìn kù, á rò pé àdúrà ni mo wá gbà.

Mo tiẹ̀ bi mẹkáníìkì kan léèrè nípa alùpùpù tó ní ọkọ̀ ìhà. Kò lórúkọ fún àlàfo náà, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣe rẹ̀: "Hándù á le, torí kò lè tẹ̀ mọ́. Ẹ sún táyà síwájú." Òótọ́ ni. Alùpùpù lásán máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá fẹ́ yà. Èyí tó ní ọkọ̀ ìhà kò lè tẹ̀, agbára ọwọ́ la fi ń yí i, ìtẹ̀lẹ́yìn gígùn á sì mú un wúwo. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń gé e sí bí ìdajì. Táyà sún síwájú, ìtẹ̀lẹ́yìn dínkù: ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bá iṣẹ́ lọ. Láàárín 1955 sí 1969, BMW lu ihò méjì síbi tí apá tó di táyà iwájú alùpùpù wọn mú ti ń mì, ọ̀kan fún ẹni tó ń dá gùn ún, ọ̀kan fún ọlọ́kọ̀ ìhà, kí táyà tirẹ̀ lè sún síwájú.

Apá yẹn náà fẹ́ orúkọ. "Apá aṣíwájú" ni mo fara mọ́, torí iwájú ló kọjú sí, bí àwọn kan yóò tilẹ̀ rò pé ìṣèlú la ń ṣe. Irú rẹ̀ ló wà lára Honda 70 tí àwọn tíṣà ń gùn nígbà kan. Ti Vẹ́sípà ló kọjú sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ìyẹn ní apá ìtẹ̀lẹ́yìn, ká má baà da nǹkan méjì pọ̀. "Apá akẹ̀yìn" ńkọ́?

Ó ku ẹyọ kan. Bí ìtẹ̀lẹ́yìn bá kéré, hándù a máa gbọ̀n bí a bá ń rìn jẹ́jẹ́. Wọ́n ń fi ọ̀pá kékeré kan tó jọ ṣọ́ọ̀kì mú un dúró. "Adágbọ̀ndúró" ni mo rí, kò sì dùn lẹ́nu rárá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wò ó.