Láti sáìtì dé sáìtì: ta ló ni wákàtí tó wà láàárín?

Fọ́máànù bíríkìlà, Àṣerò, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Owó ọkọ̀ nìkan làwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń bèèrè tí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣí lọ sí sáìtì mìíràn. Owó ọkọ̀ lọ́tọ̀, owó wákàtí tẹ́ ẹ fi wà lójú ọ̀nà lọ́tọ̀. Ọ̀gá tó fún yín lówó ọkọ̀ lọ sí Ṣíún kò tíì san owó wákàtí kankan.

Ti owó ọkọ̀ ni òfin sọ ní tààrà. Abala 14 nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní bí wọ́n bá rán òṣìṣẹ́ láti ibi tó ti máa ń ṣiṣẹ́ lọ sí sáìtì mìíràn tó jìnnà tó kìlómítà 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tọ́ sí i, tàbí owó dípò ọkọ̀. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń wọn ọ̀nà náà o, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé yín. Láti Pànṣẹ́kẹ́ dé Ṣágámù, ó ti kọjá 16 dáadáa. Láti Pànṣẹ́kẹ́ dé Láfẹ́ńwá, kò débẹ̀ rárá. Àdéhùn yín pẹ̀lú ọ̀gá ló kù.

Ibi tó ti máa ń dàrú ni pé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kì í sábà dárúkọ ibi iṣẹ́. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, ọ̀gá á ní gbogbo sáìtì òun ni ibi iṣẹ́ yín. Níbo lẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka kìlómítà nígbà náà? Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: "Yáàdì tó wà ní Òkè-Ìléwó ni ibi iṣẹ́ rẹ." Abala 7 ti pàṣẹ fún ọ̀gá pé kó tó pé oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó ti kọ iye owó yín, bó ṣe ń ṣírò rẹ̀ àti wákàtí iṣẹ́ sínú ìwé fún yín. Ìwé yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi ìlà yìí kún.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, Òkè-Mosàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n gba ti wákàtí sọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé Labour Act kọ ọ́ síbì kan pé owó wà fún àkókò ìrìn, ń tàn yín ni. Ohun tí abala 13 sọ ni pé àdéhùn ló ń fi wákàtí iṣẹ́ lélẹ̀, yálà láàárín ẹ̀yin àti ọ̀gá tàbí láti ọwọ́ ẹgbẹ́, tàbí kí ìgbìmọ̀ owó iṣẹ́ fi í lélẹ̀. Ohun tó bá lé lórí rẹ̀ di ofatáìmù. Iye tí wọ́n máa san fún ofatáìmù, òfin ò sọ ọ́.

Tí lẹ́tà bá ní aago mẹ́jọ sí aago márùn-ún, tí wọ́n wá ní kẹ́ ẹ kúrò ní Adátán lọ sí Ìta-Òṣìn láago mọ́kànlá, inú wákàtí iṣẹ́ lẹ ṣì wà. Abala 5 ti ka ohun tí ọ̀gá lè yọ nínú owó òṣìṣẹ́. "Ó ń bẹ nínú ọkọ̀" kò sí lára wọn.

Òwúrọ̀ ni wàhálà wà. Wọ́n á ní kí gbogbo yín pàdé ní yáàdì láago mẹ́fà ààbọ̀, ọkọ̀ á gbéra, ẹ ó dé Ṣágámù láago mẹ́jọ, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ṣí rẹ́jísítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́ta ti lọ lóòjọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: tí owó oṣù bá jẹ́ ₦78,000 fún ọjọ́ 26, ₦3,000 ni ọjọ́ kan, pín in sí wákàtí mẹ́jọ, ₦375. Wákàtí mẹ́ta lóòjọ́ jẹ́ ₦1,125, tó bá pé ọjọ́ 26, ₦29,250. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù!

Ìlà tẹ́ ẹ máa bèèrè nìyí: "Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ bá dé yáàdì ní àkókò tí wọ́n pè é, ó sì parí nígbà tí ọkọ̀ bá dá a padà síbẹ̀." Tí ọ̀gá bá kọ̀, ẹ dúnàá dúrà, kó san ìdajì owó wákàtí fún ti ojú ọ̀nà. Lójú tèmi, ìdajì tó wà nínú ìwé sàn ju odindi tó wà lẹ́nu lọ.

Oníṣẹ́ iná, Ọbańtokò

Ẹni tó gba iṣẹ́ ní àgbàṣe, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn án o. Ọ̀gá ara rẹ̀ ni. Kó ti ka owó ọkọ̀ àti ọjọ́ ìrìn mọ́ iye tó bá oníṣẹ́ sọ.

Alábòójútó àwọn agbálẹ̀ ọ́fíìsì, Kútọ̀

Ẹ̀rí ló máa ń pa wá lára. Orí fóònù ni wọ́n ti máa ń pàṣẹ, lẹ́yìn oṣù kan kò sẹ́ni tó rántí. Tí wọ́n bá ti pè yín tán, ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ padà: "Ẹ kú iṣẹ́ sà, bí ẹ ṣe ní kí n lọ, mo ti kúrò ní Kútọ̀ láago 11:20." Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ tún fi òmíràn ránṣẹ́.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́, ẹni tó pàṣẹ, ibi tẹ́ ẹ ti kúrò, ibi tẹ́ ẹ lọ, aago ìgbéra, aago ìdé, owó ọkọ̀. Ẹ kọ àkókò tẹ́ ẹ fi dúró de ọkọ̀ lọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń jiyàn jù. Máàrúwá àti ọ̀kadà kì í fúnni ní rìsíìtì, nítorí náà ẹ fi owó ránṣẹ́ láti báńkì sí awakọ̀ tó bá gbà, kẹ́ ẹ sì kọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ sí i. Kí fọ́máànù sáìtì kejì buwọ́ lù ú lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, á ní òun ò rí yín.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tí sìmẹ́ǹtì ò tíì dé, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ ilé ńkọ́? Abala 17 ní ọ̀gá jẹ yín lówó ọjọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ nǹkan pàjáwìrì tó ju agbára rẹ̀ lọ ló dá iṣẹ́ dúró, ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan lowó wà fún.

Ìyá tó ní ọmọ ní Ìlú Ọba, Ìbarà

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe kíà lọ́hùn-ún, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìsàn nílé wọn, ẹ sọ fún wọn pé òfin ibẹ̀ yàtọ̀. Àkókò láti ilé oníbàárà kan dé ilé èkejì wà lára wákàtí tí wọ́n fi ń ṣírò owó iṣẹ́ tó kéré jù. Láti ilé ara wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, Òkè-Mosàn

Ìyá, òótọ́ ni, ẹ ṣé. Ó ku ti ìjàǹbá. Abala 14 kan náà ní ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá èèyàn mu, kó mọ́, kó má sì kún àkúnjù. Típà tí èèyàn jókòó lé orí pákó àti irin nínú rẹ̀ kò bá a mu. Tẹ́nì kan bá fara pa, Employees' Compensation Act ti 2010, òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, fún un ní ọjọ́ 14 láti fi tó ọ̀gá létí. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ méje láti ròyìn fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó náà, ọdún kan sì ni wọ́n fi lè béèrè owó gbà-má-bínú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọgbẹ́ ì báà kéré.

Tí ọ̀gá bá kọ̀ láti sanwó, lẹ́tà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, ẹ̀dà méjì, kí wọ́n buwọ́ lu ọ̀kan fún yín. Ẹ kọ iye owó tẹ́ ẹ ń bèèrè àti oṣù tó jẹ́ tirẹ̀. "Ẹ̀tọ́ mi" lásán kò ní nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kí wọ́n pe ọ̀gá wá. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ ni National Industrial Court, Legal Aid Council sì máa ń bá ẹni tí owó rẹ̀ kò ju owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ ṣe ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá lọ, fọ́tòkọ́pì ìwé kékeré yẹn ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín.