Relay access denied: lẹ́tà ò jáde mọ́ lẹ́yìn tá a pààrọ̀ ráútà ọ́fíìsì ní Ìkòròdú

ọmọ_ìkòròdú:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Sáfà ímeèlì ilé iṣẹ́ wa ní Sábó, Ubuntu 22.04 ló wà lórí ẹ̀, Postfix ló sì ń gbé lẹ́tà. Kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá ló ń lò ó, pẹ̀lú pírǹtà kan tó máa ń scan ìwé ránṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì la yọ ráútà àtijọ́, a fi èyí tó ń lo SIM rọ́pò ẹ̀. Látìgbà náà, tí àwọn òṣìṣẹ́ bá fi Outlook kọ̀wé síra wọn, ó ń lọ geere. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sí oníbàárà níta, ojú ẹsẹ̀ ló ń dá a padà. Àwọn tó ń lo webmail ò rí àṣìṣe kankan ní tiwọn, síbẹ̀ oníbàárà ní òun ò rí nǹkan kan gbà. Ohun tó wà nínú /var/log/mail.log rèé:

`NOQUEUE: reject: RCPT from unknown[192.168.8.23]: 554 5.7.1 <onibara@example.com>: Relay access denied`

Ṣé Gmail àti àwọn tó kù ló gégi dí wa lọ́nà ni? Ẹnì kan ní kí n fi `mynetworks = 0.0.0.0/0` sí i. Mi ò tíì ṣe é.

àgbà_sáfà:

Ẹ má dán an wò o! A máa padà síbẹ̀.

Gmail ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú log yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí NOQUEUE, lẹ́tà náà ò tíì wọlé rárá, ẹnu ọ̀nà ni sáfà tiyín fúnra rẹ̀ ti dá a dúró. Ká ní sáfà ẹlòmíì ló kọ̀ ọ́, `status=bounced` lẹ máa rí, orúkọ sáfà náà á sì tẹ̀ lé e, pẹ̀lú `said:` àti ohun tó sọ. Àìwo ibẹ̀ ló ń jẹ́ káwọn èèyàn máa tún SPF (àkọsílẹ̀ dómeènì tó ń sọ àwọn sáfà tó lè fi orúkọ rẹ̀ kọ̀wé) ṣe láàárọ̀ títí dalẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ilé wọn ló há.

Ìbéèrè mẹ́ta ni Postfix máa ń bi ẹni tó bá gbé lẹ́tà wá kó tó bá a gbé e lọ (ìyẹn relay), bó ṣe wà nínú `smtpd_relay_restrictions`: ṣé o wà nínú mynetworks, àwọn nọ́ńbà tá a fọkàn tán? Ṣé o ti fi páásíwọ̀ọ̀dù wọlé? Tí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ṣé dómeènì tiwa ni lẹ́tà náà ń lọ? Lẹ́tà tí òṣìṣẹ́ kọ sí òṣìṣẹ́ ń lọ torí ìbéèrè kẹta. Ti webmail ń wọlé torí orí sáfà yẹn kan náà ló wà, 127.0.0.1, nọ́ńbà tí sáfà fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ló sì ti ń wá. Outlook ò rí ìkankan mú: ráútà tuntun yín ń pín 192.168.8.x, ó sì dájú pé 192.168.1.0/24 ti ráútà àtijọ́ ló ṣì wà nínú main.cf, fáìlì ètò Postfix. Ẹ fi `postconf mynetworks` wò ó, lẹ́yìn náà:

`sudo postconf -e 'mynetworks = 127.0.0.0/8 [::1]/128 192.168.8.0/24'`
`sudo postfix reload`

Ẹ tún wọ inú ráútà, kẹ́ ẹ so sáfà mọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Táwọn òṣìṣẹ́ bá ṣì ń rí i, á jẹ́ pé òun náà gba nọ́ńbà tuntun lọ́wọ́ ráútà. Lọ́jọ́ tí NEPA bá mú iná lọ tó sì dá a padà, ó lè gba òmíràn.

Ti webmail yẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Ẹ tẹ `mailq`, tó ń fi lẹ́tà tí kò tíì lọ hàn, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí.

ọmọ_ìkòròdú:

Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun. 192.168.1.0/24 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti yí i padà, Relay access denied ti lọ. Àmọ́ lẹ́tà mọ́kànlélọ́gọ́ta ló tò sínú mailq, ohun kan náà ló sì wà lábẹ́ gbogbo wọn: `Connection timed out`, sí port 25.

àgbà_sáfà:

Mo ti fura. Ọ̀pọ̀ ìlà íntánẹ́ẹ̀tì orí SIM ni wọ́n ti dí port 25 tó ń jáde, ẹnu ọ̀nà tí sáfà ń gbà gbé lẹ́tà fún sáfà mìíràn, torí àwọn tó ń fi spam dààmú ayé. Ẹ dán an wò:

`nc -vz -w 10 gmail-smtp-in.l.google.com 25`

Tó bá dákẹ́ títí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá fi pé, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí main.cf tó máa ṣí i. Ìdí táwọn tó ń lo webmail ò fi rí àṣìṣe nìyẹn: Postfix gba lẹ́tà wọn, ó ń tún un gbìyànjú, ìṣẹ́jú àáyá 300 sí 4000 ló ń wà láàárín, ọjọ́ 5 ló sì máa ń fún un kó tó dá a padà. `delay_warning_time` kò ṣiṣẹ́ àfi tẹ́ ẹ bá tàn án, torí náà kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé lẹ́tà wà nílẹ̀. Ẹ fi 4h (wákàtí mẹ́rin) sí i.

Ọ̀nà àbáyọ ni kẹ́ ẹ gba àkáǹtì lọ́dọ̀ àwọn tó ń báni gbé lẹ́tà, kẹ́ ẹ sì gba port 587 kọjá:

`relayhost = [smtp.agbeleta.example]:587`
`smtp_sasl_auth_enable = yes`
`smtp_sasl_password_maps = hash:/etc/postfix/sasl_passwd`
`smtp_sasl_security_options = noanonymous`
`smtp_tls_security_level = encrypt`

Ibi mẹ́rin ló ti máa ń bà jẹ́. Àkọ́kọ́, `smtp_` ni o, kì í ṣe `smtpd_`. Èyí tó ní d, ti lẹ́tà tó ń wọlé ni. Èkejì, ohun tẹ́ ẹ kọ síwájú páásíwọ̀ọ̀dù nínú sasl_passwd gbọ́dọ̀ bá relayhost mu pátápátá, àkámọ́ onígun àti `:587` pẹ̀lú. Tí ọ̀kan bá dín, Postfix ò ní rí páásíwọ̀ọ̀dù náà, ẹ̀yin náà lẹ wá máa gba Relay access denied láti ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀kẹta, ẹ tẹ `postmap /etc/postfix/sasl_passwd` nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ sì fi chmod 600 ti fáìlì méjèèjì, sasl_passwd àti sasl_passwd.db tí postmap ṣe. Ẹ̀kẹrin, tẹ́ ẹ bá rí `no mechanism available`, libsasl2-modules ni kò sí lórí ẹ̀rọ, ẹ fi apt gbé e wá. Lẹ́yìn náà, ẹ reload, kẹ́ ẹ tẹ `postqueue -f` kó lé gbogbo wọn jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn ni SPF wá kàn. Ẹ fi `include` ti àwọn agbélẹ́tà náà kún àkọsílẹ̀ TXT dómeènì yín, níbi tí SPF wà. Ẹ má kọ SPF kejì, torí dómeènì tó bá ní méjì, àṣìṣe ni wọ́n máa kà á sí. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní DKIM (ìbuwọ́lù tó ń tẹ̀ lé lẹ́tà) náà. Látìgbà tí Gmail ti mú òfin rẹ̀ le ní oṣù Kejì 2024, lẹ́tà tí kò ní SPF tàbí DKIM, ó lè má wọlé rárá.

wáyà_ẹ̀pẹ́:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti wo lẹ́tà tó ń wọlé láti ìta? Tí MX yín (àkọsílẹ̀ dómeènì tó ń sọ ibi tí lẹ́tà yín máa wọlé sí) bá ṣì ń tọ́ka sí nọ́ńbà ìlà àtijọ́, kò sí èyí tó ń dé látọjọ́ Ẹtì. Ẹ wo nọ́ńbà WAN (apá tó kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì) lára ráútà: tó bá bọ́ sáàárín 100.64.0.0 sí 100.127.255.255, ẹ̀yin àtàwọn mìíràn lẹ jọ ń lo nọ́ńbà ìta kan, port forwarding (kí ráútà máa darí ohun tó wá láti ìta sí sáfà) ò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ dá ìlà tó ní nọ́ńbà tirẹ̀ padà, tàbí kẹ́ ẹ gba VPS (sáfà ayálò orí íntánẹ́ẹ̀tì) kékeré kan, kí MX tọ́ka síbẹ̀, kó máa fi WireGuard, tó jẹ́ VPN, gbé lẹ́tà wá sí Sábó. Sáfà tó bá ń tẹ̀ lé ìlànà SMTP kì í tètè jáwọ́, ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ló yẹ kó fi máa gbìyànjú. Lónìí ni kẹ́ ẹ sáré ṣe é.

ọmọ_ìkòròdú:

Háà! 100.72 ni ó bẹ̀rẹ̀. Abájọ tí kò fi sí spam kankan láti ìjẹta. Màá pe àwọn tó ni ìlà àtijọ́ báyìí. Pírǹtà ńkọ́? Kò ṣiṣẹ́ síbẹ̀.

àgbà_sáfà:

Nọ́ńbà àtijọ́ ti sáfà ló ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ tún un kọ, port 25. Tó bá jẹ́ pírǹtà tọ́jọ́ rẹ̀ ti pẹ́, ó lè jẹ́ TLS 1.0 nìkan ló mọ̀ (ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń bo ọ̀rọ̀ tó ń kọjá), Ubuntu 22.04 kì í sì í gbà á. Ẹ pa TLS rẹ̀, inú ọ́fíìsì náà ló ṣáà wà.

Ó dà bíi pé àwọn àlejò náà ń lo Wi-Fi yẹn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, 192.168.8.0/24 tá a kọ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn gbogbo nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.8, ti fẹ̀ jù. Fóònù àlejò kan tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ tó láti ba orúkọ yín jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn agbélẹ́tà. Ti 0.0.0.0/0 yẹn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ayé ló máa fi sáfà yín ṣe ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí Outlook máa fi páásíwọ̀ọ̀dù gba 587 wọlé: ẹ yọ # kúrò níwájú ìlà submission nínú master.cf àtàwọn ìlà `-o` tẹ́ ẹ nílò lábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ `smtpd_sasl_type = dovecot` àti `smtpd_sasl_path = private/auth`. Tí gbogbo wọn bá ti ń gba ibẹ̀, pírǹtà nìkan ló kù láti kọ sílẹ̀:

`mynetworks = 127.0.0.0/8 [::1]/128 192.168.8.40/32`

Ẹ fi nọ́ńbà pírǹtà tiyín rọ́pò 40 yẹn, kẹ́ ẹ so òun náà mọ́lẹ̀ nínú ráútà.