Èsì sí àbá "ìyàwó inú igbó"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka àbá ẹ̀gbọ́n wa ará Mọ́kọ́lá lórí ìwé pélébé tí à ń túmọ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní obìnrin tí àwọn ajàgun jí gbé, tí wọ́n sì fi ṣaya, ká máa pè é ní "ìyàwó inú igbó". Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe pè é ní Sierra Leone nígbà ogun tiwọn, àti pé ó rọrùn lẹ́nu. Lóòótọ́ ló rọrùn lẹ́nu, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn.

Ta là ń pè ní ìyàwó nílẹ̀ yìí? Ẹni tí wọ́n tọrọ ni, tí wọ́n ṣe ìdána rẹ̀, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣàdúrà lé lórí kó tó kúrò nílé. Ọmọ tí wọ́n fi ìbọn dà wọ igbó, ta ló tọrọ rẹ̀? Ta ló gbowó orí? Bí a bá pè é ní ìyàwó, a ti sọ ajínigbé di ọkọ nìyẹn, ọkọ tó lè padà wá ní kí wọ́n fún òun ní aya òun.

Ní 2008, àwọn adájọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ilé ẹjọ́ àkànṣe Sierra Leone sọ pé ọ̀ràn ọ̀tọ̀ gbáà ni kí wọ́n fipá sọ ènìyàn di aya, kì í ṣe ẹ̀ka ìfipábánilòpọ̀ lásán. Ní 2021, ilé ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn àgbáyé (ICC) tó wà ní Hague dá Dominic Ongwen, ọ̀gágun ọlọ̀tẹ̀ ará Uganda, lẹ́bi ọ̀ràn yìí kan náà.

Àwa ará Ìbàdàn gan-an mọ̀ ọ́n. Ìlú jagunjagun tí à ń fi yangàn yìí, àwọn tí wọ́n kó lógun pọ̀ nínú àwọn ìyá ńlá wa. Nínú ìtàn agbo ilé, "jagunjagun kan ló fẹ́ ẹ" ni wọn yóò sọ, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. "Fẹ́" yẹn ti bo nǹkan púpọ̀ mọ́lẹ̀.

Tèmi ni pé ìwà náà ni ká fún lórúkọ: ìfipámúniṣaya. Ẹni tó hu ìwà náà, afipámúniṣaya. (Bó bá ṣe tèmi ni, à bá yọ "pọ̀" kúrò lára ìfipábánilòpọ̀, torí àjọṣe wo ló wà níbẹ̀? Ó di ọjọ́ mìíràn.) Obìnrin náà ńkọ́? Ẹ má fún un lórúkọ kankan. "Ẹni tí wọ́n fipá mú ṣaya" tó. "Wọ́n" inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ ká gbàgbé pé ẹnìkan ló ṣe é.

Àwọn kan ní ó gùn jù, pé ká kúkú pè é ní "akọni". Ìjọba Bangladesh ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn ogun 1971: "birangona", akọni obìnrin, ni wọ́n pe àwọn tí ọmọ ogun fipá bá lò. Oyè ni wọ́n fi dá wọn lọ́lá, ṣùgbọ́n oyè náà ni aládùúgbò fi ń nàka sí wọn. Ní Borno, "ìyàwó Boko Haram" ni wọ́n fi bú àwọn ọmọbìnrin tó sá àsálà padà wálé.

Ẹ fojú inú wo ìjókòó ilé ìwòsàn. Oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò HIV ríbi wọlé, láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìfipábánilòpọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Nọ́ọ̀sì wá jáde, ó ní: "Àwọn ìyàwó inú igbó, ẹ máa bọ̀." Ta ni yóò dìde? Kó pe nọ́ńbà orí káàdì, kó sì fi "màmá" tàbí "àǹtí" sí i bí ọjọ́ orí bá ṣe rí.

Ẹ bá wa pa "wọ́n ti bà á jẹ́" rẹ́ lójú ewé kejì ìwé pélébé náà.

Ó ku ọmọ tí wọ́n bí sínú igbó. "Ọmọ" ni mo kọ síbẹ̀ báyìí, láìfi nǹkan kan kún un. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó mú un wá.