Báwo ni a ṣe lè la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀ nípa ìró àti etí?

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Òde béèrè:

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa kọjú sí títì, ṣọ́ọ̀bù olórin kan sì wà ní òdìkejì tí ó máa ń kọ sípíkà sí wa láti àárọ̀ títí a ó fi jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń kọ́ wọn ní àmì ohùn, mo pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, mo sì ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Àwọn tó jókòó níwájú gbà á, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó wà lẹ́yìn kọ ọkọ́ síbi tí mo ti pe ọkọ̀. N kò lè bá wọn wí, nítorí pé nígbà tí èmi fúnra mi lọ dúró sẹ́yìn, tí mo ní kí ọmọ kan pe ọ̀rọ̀ náà láti iwájú, n kò mọ èyí tí ó pè.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbà mí lọ́kàn. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí omi àti ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ̀rọ̀ lórí ìró? Ní ọdún 2004, Christian Hugonnet, onímọ̀ nípa ìró, dá ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ fún ìró nìkan ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì ń ṣe é lọ́dọọdún. Nígbà tí ó di 2017, àwọn orílẹ̀-èdè inú UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, fọwọ́ sí ìpinnu lórí bí ìró ti ṣe pàtàkì tó fún ìlera, fún àyíká àti fún àṣà. Báwo ni a ṣe lè ṣe irú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, tí àwọn ènìyàn kò fi ní rò pé ńṣe ni a fẹ́ gba orin lẹ́nu wọn?

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù:

Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ nìyí. Nínú etí lọ́hùn-ún, ohun kan wà tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín bí irun sì wà nínú rẹ̀, nǹkan bí 15,000 ní etí kọ̀ọ̀kan, tí ó ń gba ìró fún ọpọlọ. Bí ariwo bá pa wọ́n, wọn kì í hù padà mọ́. Ìwọ̀n tí a fi ń wọn ìró ni dẹ́síbẹ̀lì. Ẹni tó bá wà nínú ìró 85 kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 8 níbẹ̀ lójúmọ́, ṣùgbọ́n bí ìró náà bá lé ní 3 péré, tí ó di 88, wákàtí 4 ni ó kù. Bí ó bá di 91, wákàtí 2. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n lè mọ̀ ọ́n báyìí: bí ẹnìkan bá wà níwájú rẹ tí ọwọ́ rẹ tó o, tí o sì ní láti pariwo kí ó tó gbọ́ ọ, ibẹ̀ ti léwu.

Àwọn tí ariwo ti ba etí wọn jẹ́ kì í sọ pé àwọn kò gbọ́. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, “Mò ń gbọ́ ohùn yín, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yín.” Ìró bíi s, ṣ àti f ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Ọjọ́ Ìgbọ́ràn Àgbáyé lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí a lò ó.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, Ìpẹ́rù:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ní ẹ̀rọ ìlọta, òun ni mo sì fi tọ́ ọmọ. Bí ẹ bá gbé òfin wá bá wa lákọ̀ọ́kọ́, a ó sá fún yín. Sàlẹ́ńsà ẹ̀rọ mi ti já fún ìgbà pípẹ́ kí n tó pààrọ̀ rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n fi awẹ́ táyà àlòkù sábẹ́ ẹ̀rọ kí ó má baà máa gbọn ilẹ̀. Ariwo náà dínkù lójú ẹsẹ̀, owó tí mo ná kò sì pọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀, ohun tó dùn mí nìyẹn. Nọ́ọ̀sì, òwú ni mo máa ń kì bọ etí, ṣé ó tó?

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù:

Kò tó, ìyá wa. Òwú gbígbẹ kì í dá ariwo dúró bí ó ti yẹ. Ẹ wá ohun rírọ̀ tí a fi ń dí etí, èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́; ẹ fọwọ́ lọ́ ọ kí ó tín-ín-rín, kí ẹ tó tì í bọ etí, kí ó wá wú síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí yín wò pẹ̀lú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:

Mo fara mọ́ ìyá wa. Ẹ má fi ariwo bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìró tí a fẹ́ràn bẹ̀rẹ̀. Ìlú wa ni Haruna Iṣọ̀lá ti wá, ẹni tí ó bá sì gbọ́ àpàlà rẹ̀ yóò mọ bí agídìgbo, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Gbẹ̀du ọba kì í dún lásán, ìlú a máa mọ ìdí tí ó fi dún. Orò ńkọ́? Ohùn rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ará ìlú mọ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìró ní ìgbà àti àyè tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà àti ti ọjà sílẹ̀, kí wọ́n tún un gbọ́ ní kíláàsì, kí wọ́n sì sọ èyí tí ariwo ti bò mọ́lẹ̀.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Òde:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín púpọ̀. N kò ní kọ ìwé ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ajé, mo fẹ́ lọ bẹ olórin náà pé kí ó wá jókòó sí àga ẹ̀yìn ní kíláàsì mi, kí orin rẹ̀ máa dún ní òdìkejì bí ó ti máa ń dún, kí n pe ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, kí òun náà sì kọ wọ́n sílẹ̀.