Mo fẹ́ kúrò ní sáìtì lọ sí fintech (ilé iṣẹ́ tó ń fi software ṣètò owó), ṣé àfi kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ni?

Ọmọ Ògbà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe project manager nídìí iṣẹ́ ilé kíkọ́, Ògbà ni mò ń gbé, Ajah ni sáìtì wà, aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo ń jí kí ọ̀nà Third Mainland tó dí. Ó ti sú mi. Fintech kan ní Yábà pè mí fún íntáfíù, wọ́n ní báwo ni mo ṣe máa ń to backlog mi, èmi ní ah, mi ò kì í ní backlog o, iṣẹ́ mi kì í pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n bá ń wojú ara wọn. Ìgbà tí mo délé ni mo tó mọ̀ pé lísìtì iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe lásán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wá ní àfi kí n lọ gba ipò junior. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ o, owó oṣù ò gbọdọ̀ wálẹ̀.

Bọ̀dá Yábà: Àbúrò, sáìtì lèmi náà ti wá. Gírámà yẹn kọ́ ló le. Lọ́dọ̀ yín, tẹ́ ẹ bá ti da kọnkéré, ó tán nìyẹn, ẹ ó fọ kúùbù (ègé kọnkéré tẹ́ ẹ fi ń dán agbára ẹ̀ wò) lọ́jọ́ 7, ẹ ó tún fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ 28, ìyẹn lẹ fi ń ro gbogbo ẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Níbí, sprint, ìyẹn sáà kúkúrú tá a fi ń parí ìpín iṣẹ́ kan, kì í ju oṣù kan lọ, tiwa ọ̀sẹ̀ méjì ni, bí kọ́sítọ́mà bá ní òun ò fẹ́ bó ṣe rí mọ́, wọ́n á tú u. Gantt chart olóṣù mẹ́fà, àtẹ tó ń fi ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn, ni mo kọ́kọ́ gbé fún wọn, wọ́n wò ó bíi kàlẹ́ńdà tí wọ́n pín níbi òkú àgbà 😂 Àmọ́ ẹni tó bá ti lé oní-gráníìtì tó ń sọ pé "mo ti wà lọ́nà" nígbà tí típà ò tíì kúrò ní kùárì, kò sí vendor software tó lè parọ́ fún un. Má gba junior.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ ò ṣe gba ọ̀nà tẹ́lẹ́kọ̀ọ̀mù? Ibẹ̀ lọkọ mi gbà. Òpó nẹ́tíwọọ̀kì, orí kọnkéré ló dúró sí, jẹnẹrétọ̀ wà nídìí ẹ̀, síbẹ̀ àwọn ará IT lẹ ó máa bá ṣe mítìǹ.

Tíṣà Ojúẹlẹ́gba: PMP ńkọ́, ìwé ẹ̀rí tí àjọ PMI ń fún àwọn tó ń darí iṣẹ́? Tẹ́ ẹ bá ní dìgírì, oṣù 36 tẹ́ ẹ fi darí iṣẹ́ àti wákàtí 35 ẹ̀kọ́ ni PMI ń bèèrè, ọdún mẹ́sàn-án yín ti kọjá ẹ̀. Láti 2021, bí ìdajì ìdánwò yẹn ló dá lórí agile (ká máa ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ká máa tún un ṣe) àti hybrid (àdàlù ìyẹn àti ètò bíi ti sáìtì), ẹ ó ti ara ẹ̀ kọ́ èdè wọn. Ẹ má fi owó ìkómọ ṣe é ṣá o, dọ́là ni wọ́n ń gbà.

Bọ̀dá Yábà: Tíṣà, èmi ò ní in tí mo fi wọlé. CV ni kó kọ́kọ́ tún kọ: iye owó tó ṣàkóso, iye èèyàn, wàhálà tó tètè rí kó tó bẹ́.

Ọmọ Ògbà: Ẹ ṣé gan-an. CV mi, ojú ewé mẹ́rin ni, irin àti sìmẹ́ǹtì ló kún inú ẹ̀. Mà á jókòó tì í lálẹ́ yìí, bí ọmọ bá gbà fún mi.