Mac àbí Windows: èwo ni kí n rà fún iṣẹ́ fọ́tò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayafọ́tò. Kábà ni mo wà, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni mò ń yà. Ìnáwó Sátidé kan lè tó fọ́tò 1,500, RAW (fáìlì ńlá tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe) ni gbogbo rẹ̀. Tí mo bá ti ṣí Lightroom (áàpù tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe) lórí laptop Windows mi, fáànù á máa pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, bátìrì kì í sì í lò tó wákàtí kan. Jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ èrè mi.

Mo ti fi SSD (dírááfù tó yára) sí i. Ó yá díẹ̀, bátìrì ò yí padà.

Ẹnìkan fẹ́ ta MacBook Air M1 (M1 ni ṣíìpù Apple tó wà nínú rẹ̀) àlòkù fún mi, RAM (mẹ́mọ́rì tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) 8GB. Kò ní fáànù, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́, àmọ́ RAM rẹ̀ ò ṣeé fi kún láéláé. Owó kan náà á ra Windows tí mo lè sọ di 16GB tó bá yá. Dírááfù mi méjèèjì tún jẹ́ NTFS (ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì sórí dírááfù): Mac á kà wọ́n, kò ní lè kọ nǹkan sí wọn.

Ẹni tó ti fi M1 8GB ṣe RAW tó 1,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣé ó gbé e, àbí kí n dúró sí Windows?